Láti Ìbàdàn dé Uselu: Bí Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Di Ìbọn Lọ́wọ́ Ọmọ Àdúgbò

  Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Tí ìbọn bá dún lóru ní apá Uselu, Ugbowo tàbí Uwelu, ohun tó sábà máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé, "Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Bìní nìyẹn, kò kàn wá." Ilẹ̀ á mọ́, a á ṣí ṣọ́ọ̀bù, a á bi aládùúgbò bóyá ẹni tó kú yẹn wà nínú ẹgbẹ́. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a á mí kanlẹ̀, a á padà sídìí iṣẹ́ wa. Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi. Ẹni tó bá mọ ìtàn ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ilé wa lọ́hùn-ún, ní Ìbàdàn, ni okùn ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, àti pé méjì nínú orúkọ tí àwọn ọmọ ń pè ní ìgboro Bìní lónìí, èdè Yorùbá ni: Ẹyẹ àti Ayé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti Uselu fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n bí ojú ọ̀nà Èkó, bí ọjà, àti bí ibi tí ilé ìwòsàn àwọn tí orí wọn ò pé wà. (Bí àwa ṣe ń dárúkọ Àrò ní Abẹ́òkúta tí ẹnìkan bá ń ṣe bí wèrè, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń dárúkọ Uselu níbí.) Àmọ́ ilẹ̀ ọba ni Uselu. Láti ayé Ọba Esigie, ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ọba náà dá oyè Ìyọba sílẹ̀ fún Idia ìyá rẹ̀, Uselu ni ààfin ìyá ọba wà. Níbẹ̀ náà ni Edaiken, àrẹ̀mọ tí yóò jọba, máa ń gbé kó tó dé orí ìtẹ́. Ọba Ewuare II tó wà lórí oyè lónìí gba Uselu kọjá kí wọ́n tó dé e ládé ní October 2016. Ìgbà tẹ́ ẹ bá rí orúkọ "Edaiken" lára ọjà Uselu, ẹ mọ ibi tó ti wá. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ tí yóò jọba, òun náà ló wá di ibi tí àyà ìyá ń já tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ padà sí ọdún 1952, ní University College Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ méje dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Pyrates Confraternity. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀. Olúmúyìwá Awẹ́ àti Nathaniel Oyèlọlá wà níbẹ̀. Ikpehare Aig-Imoukhuede àti Pius Oleghe náà wà níbẹ̀, àwọn yẹn kì í ṣe Yorùbá. Ohun tó ń bí wọn nínú nígbà náà ni ìgbéraga àwọn ọmọ olówó àti àwọn tó ń ṣe bí òyìnbó, àti bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń fi ẹ̀yà pín ara wọn. Wọ́n ń múra bí ajalèlókun, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fi àwọn tó ń ṣe fáàrí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí àáké. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún tí nǹkan fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ mìíràn yọ ní Ìbàdàn kan náà, àwọn ni Eiye. Ní 1972, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn Pyrates, àwọn tó kúrò níbẹ̀ sì dá Buccaneers sílẹ̀. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nígbà tí ẹgbẹ́ jẹ́ ẹyọ kan, ta ló máa bá jà? Nígbà tó di mẹ́ta, olúkúlùkù ń wá ọmọ ẹgbẹ́, olúkúlùkù ń fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù òun, ẹni tí wọ́n bá nà lónìí á wá gbẹ̀san lọ́la.

Àsìkò yẹn náà ni Yunifásítì Bìní ń dìde. 1970 ni wọ́n dá a sílẹ̀, 1972 ló gba orúkọ University of Benin, ìjọba àpapọ̀ sì gbà á ní 1975. Ugbowo ni wọ́n wá gbé e sí, ojú ọ̀nà Èkó kan náà pẹ̀lú Uselu. Ẹ wò ó dáadáa: ilẹ̀ oko ló yí ibẹ̀ ká tẹ́lẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, tí ilé ìwòsàn UBTH sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1973, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ń kọ́ yàrá. Oníṣòwò dé, mẹkáníìkì dé, olóúnjẹ dé. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ wá gbé apá ibí, ìgbà yẹn ni wọ́n dé.

Ọjọ́ 7 oṣù July ọdún 1977 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Bìní dá Neo Black Movement sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń pariwo òmìnira ènìyàn dúdú káàkiri ayé nìyẹn: South Africa ń gbóná, FESTAC ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Èkó. Wọ́n fi àáké tó ń gé ẹ̀wọ̀n ṣe àmì ẹgbẹ́ wọn. Ohun tí ìgboro wá ń pè ní Black Axe, tàbí Ayé, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹgbẹ́ náà fúnra wọn máa ń sọ títí dòní pé àwọn ò bá Black Axe tan, pé ẹgbẹ́ tí òfin mọ̀ ni àwọn. Àwọn agbófinró ní ilẹ̀ òkèèrè ò gbà pẹ̀lú wọn. Ní 1978, ọdún kan péré lẹ́yìn náà, Maphite yọ ní yunifásítì kan náà. Nítorí náà, Ìbàdàn bí mẹ́ta, Bìní bí méjì. Kí kálukú gbé ẹrù tirẹ̀.

Ní 1984, Ṣóyínká àti àwọn àgbà Pyrates kó ẹgbẹ́ wọn kúrò ní gbogbo ọgbà ilé ìwé pátápátá. Ó ti pẹ́ jù. Ọmọ tí wọ́n bí ti lọ bí ọmọ tirẹ̀.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọdún 1986, torí ohun méjì ṣẹlẹ̀ nínú ọdún yẹn tí wọ́n bára mu, tí àwọn ènìyàn kì í sì í so pọ̀. Àkọ́kọ́ ni SAP tí ìjọba Babangida gbé dé. Náírà wó lulẹ̀, ilé iṣẹ́ ń tilẹ̀kùn, ọmọ tó jáde ìwé ò ríṣẹ́. Ìkejì ni Lawrence Anini. Àwọn àgbà wa tó wà ní Bìní nígbà náà ò lè gbàgbé: láti August títí di December, ìlú ò sùn. Anini àti Monday Osunbor pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn ń ja báńkì lólè, wọ́n ń pa ọlọ́pàá, wọ́n sì ń fọ́n owó sójú títì kí àwọn èrò máa ṣà á. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ààrẹ bi Etim Inyang, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá, níwájú àwọn oníròyìn pé níbo ni Anini wà. Ọjọ́ 3 oṣù December ni ikọ̀ tí Kayode Uanreroro ṣáájú rí i mú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nítorí ọta ìbọn, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ti jẹ́jọ́, wọ́n sì yìnbọn pa á ní ọjọ́ 29 oṣù March ọdún 1987. George Iyamu, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, náà bá wọn lọ.

Ta ni Anini kó tó di Anini? Ọmọ abúlé tó wá sí Bìní, tó fi ìwé sílẹ̀, tó kọ́ awakọ̀, tó di ọ̀gá láàrin àwọn àgbèrò ní gáréèjì nítorí pé ó lè jà. Kì í ṣe ọmọ yunifásítì. Àmọ́ ohun tí ìlú rí kọ́ lára rẹ̀ ṣe pàtàkì: wọ́n rí i pé ọmọ tálákà tó ní ìbọn, gómìnà á sọ̀rọ̀ rẹ̀, ààrẹ á sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọlọ́pàá á gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ìgbà yẹn ń ṣeré pé àwọn ni Anini. Mi ò ní sọ pé ohun tó tẹ̀lé e, òun ló fà á, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti rọ̀ fún irúgbìn.

Ní May 1989, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ sójú títì ní Bìní torí SAP, gbogbo ìlú dà rú, wọ́n sì já ẹ̀wọ̀n. Lọ́dún kan náà, ìjọba ológun gbé Decree 47 jáde. Òfin yẹn kan náà tó fòfin de ẹgbẹ́ òkùnkùn ló tún so ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i bó ṣe rí: ẹgbẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ ní gbangba ni òfin náà rọrùn láti mú, èyí tó ń pàdé nínú igbó lóru, ta ló máa mú un? Púpọ̀ nínú àwọn tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà yẹn ṣì gbà títí dòní pé àwọn aláṣẹ kan ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn lówó àti ìbọn kí wọ́n lè máa dá sẹ̀ríà fún àwọn olórí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yọ ìjọba lẹ́nu.

Ẹ̀rí tó burú jù wá láti ilẹ̀ wa. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù July ọdún 1999, àwọn tó wọ aṣọ dúdú ya wọ Awolowo Hall ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú ìbọn àti àáké. Wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Lára wọn ni George Iwilade tí wọ́n ń pè ní Afrika, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Black Axe ni wọ́n. Ní Ifẹ̀ o, níbi tí a ti ń sọ pé Ọ̀rànmíyàn ti gbéra lọ sí Bìní. Ọ̀nà kan náà tí adé gbà lọ ni àáké gbà padà wá bá wa.

Lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ Ifẹ̀ yẹn, Ọbásanjọ́ pàṣẹ fún àwọn gíwá yunifásítì kí wọ́n fọ ẹgbẹ́ òkùnkùn mọ́ kúrò lọ́gbà. Wọ́n lé akẹ́kọ̀ọ́ dànù, àwọn kan wá sọ́ọ̀ṣì láti kọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní gbangba. Ó ṣiṣẹ́ dé ibì kan: inú ọgbà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbá ilẹ̀ ilé rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò, ṣé ó ti kó ìdọ̀tí? Họ́sítẹ́ẹ̀lì ò tó, akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé Ekosodin, Osasogie, BDPA, Ugbowo, títí dé Uselu. Àwọn tí wọ́n lé kúrò ní ilé ìwé ò padà sílé, àdúgbò ni wọ́n jókòó sí. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, tó ń wa ọ̀kadà, tó ń ta káàdì fóònù, tí wọn ò fẹsẹ̀ tẹ ọgbà yunifásítì rí, ni wọ́n wá ń gbà wọlé. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ torí ìwé di ẹgbẹ́ ẹni tí ò kàwé.

Owó ló sì dá a dúró. Ìdìbò 2003 àti 2007 nílò àwọn tó máa gbé àpótí ìbò sá, a ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa, ojú wa ló ṣe é. Lẹ́yìn ìdìbò, ta ló gba ìbọn padà? Owó kejì ni owó ilẹ̀. Gbogbo àdúgbò ní Bìní ló ní CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáadáa ni. Nígbà tó yá, CDA ló ń ta ilẹ̀, wọ́n ń tà á fún ẹni méjì, mẹ́ta, wọ́n ń gba owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé, owó "deve". Ẹni tó ti kọ́lé rí ní Ìkòròdú tàbí Ajah á mọ irú rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ lórúkọ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ alága CDA gbọ́dọ̀ ní àwọn ọmọ lẹ́yìn, àwọn ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń dún lọ́wọ́. Ní 2017 Ọba Ewuare II tú CDA ká, Gómìnà Obaseki sì fọwọ́ sí òfin tó ń dáàbò bo ohun ìní aládàáni, ọdún kan lẹ́yìn tí Èkó ti ṣe tirẹ̀. Ó dín ìyọnu ilẹ̀ kù gan-an, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ń jẹun níbẹ̀ ò bá CDA wọlẹ̀.

Báyìí, báwo ni ọmọ ṣe ń dàgbà nínú rẹ̀? Èyí ló jẹ mí lógún jù, torí a máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ á kàn jí lọ́jọ́ kan ló bá di ọ̀daràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ Uselu tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti mọ àwọ̀: búlúù ti Eiye ni, yẹ́lò ti Buccaneers, àwọ̀ ewé ti Maphite. Ó ti mọ fìlà tí kò gbọdọ̀ dé kọjá òpópónà kan. Ó ti mọ̀ pé ọjọ́ kan wà nínú oṣù tí nọ́ńbà ọjọ́ àti nọ́ńbà oṣù bára mu, tí wọn ò gbọdọ̀ rán òun níṣẹ́ lálẹ́. Tí a bá kó irú ìmọ̀ yẹn sínú ìṣirò, gbogbo wọn ni ìbá gba A.

Ìgbà tó bá dé ilé ìwé girama, wọ́n á kọ́kọ́ nà án. Ẹni tó nà án á lọ, ẹlòmíràn á wá bá a jẹ́jẹ́, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò lẹ́nìkan lẹ́yìn ni?" Ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa. Kì í ṣe owó ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń fa ọmọ, ààbò ni. Pàápàá ọmọ tiwa, tí kò ní bàbá àgbà ní àdúgbò, tí kò ní ẹbí níbi àpèjẹ wọn, tí wọ́n ń pè ní ọmọ Yorùbá nílé ìwé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé "ọmọ wa ni ẹ́" ti mú un. Lẹ́yìn náà ni ìnà ìgbaniwọlé, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ kékeré: bá mi gbé àpò yìí, bá mi wo ẹni tó ń kọjá. Ìjáde ò sí.

Ohun tó tún mú un burú ni pé wọ́n ń pa ara wọn bí ẹni ń san gbèsè. Wọ́n pa ẹyọ kan ní apá ibí, wọ́n á pa méjì lọ́hùn-ún. Kì í sì í ṣe ojú ogun ni wọ́n ti ń pa ènìyàn. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni, ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ní ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹni tó jókòó tì í tó ń dúró kí wọ́n gẹ irun fún òun, ẹgbẹ́ wo ló wà?

Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ọlọ́pàá. Títí di 2020, ọmọ tó dá irun dàdá sí, tó gbé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, SARS á ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, tàbí ọmọ yàhúù. Ọmọ ń sá fún ẹgbẹ́ lóru, ó ń sá fún SARS lọ́sàn-án. Ìyẹn ló bẹ́ jáde ní October 2020. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, láàrin ìwọ́de EndSARS, wọ́n já ẹ̀wọ̀n méjì ní Bìní, ti ojú ọ̀nà Sapele àti ti Oko, ẹlẹ́wọ̀n 1,993 sì sá lọ. Gómìnà kéde kónílé-ó-gbélé lọ́jọ́ yẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ti 1989, ìlú kan náà, ẹ̀wọ̀n já lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn kan ń sọ pé kí a kúkú rán ọmọ lọ sí òkèèrè. Ẹ rọra. Àwọn ẹgbẹ́ yìí ti ṣáájú yín débẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó àwọn ọmọbìnrin Ẹdó lọ sí Italy láti lọ ta ara wọn, ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n gbà. Ní 2015 ọlọ́pàá Spain kó àwọn ọmọ Eiye ní Barcelona. Ní 2016 ti Italy kó Black Axe ní Palermo, níbi tí Mafia ti wá. Ní 2022 Interpol fi Operation Jackal mú èèyàn 75 ní orílẹ̀-èdè 14. Ọjọ́ 9 oṣù March ọdún 2018 ni Ọba Bìní gégùn-ún fún àwọn tó ń kó ọmọ lọ àti àwọn babaláwo tó ń mú àwọn ọmọbìnrin búra. Ó sì tú gbogbo ìbúra àtẹ̀yìnwá ká.

Ẹ sì jẹ́ ká rántí Damilola Taylor. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, Èkó ni wọ́n ti gbé e lọ sí London ní August 2000, nítorí ìwòsàn àti ọjọ́ iwájú tó dára. Ní ọjọ́ 27 oṣù November ọdún kan náà, nígbà tó ń ti ibi ìkàwé bọ̀ ní Peckham, wọ́n fi ìgò tó fọ́ gún un nítan, ó sì kú. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n dá lẹ́bi ní 2006. Ọmọ ọdún méjìlá àti mẹ́tàlá ni wọ́n nígbà tó ṣẹlẹ̀. Àdúgbò tálákà, ilé tó há, ọmọkùnrin tí ò ní ibi tó máa lọ lẹ́yìn ìwé. Peckham kì í ṣe Uselu, ṣùgbọ́n ìyá tó bá mọ ọ̀kan á mọ èkejì.

Òfin ìpínlẹ̀ Ẹdó ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, tí Gómìnà Okpebholo fọwọ́ sí, sọ pé ikú ni ẹ̀san fún ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ọ̀ràn rẹ̀ bá mú ẹ̀mí lọ, wọ́n sì ti ń wó ilé àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Inú ọ̀pọ̀ nínú wa dùn. Tèmi ni pé onílé tó gba owó yàrá lọ́wọ́ ọmọ tí kò mọ̀ rí ní Ekosodin lè jí lọ́jọ́ kan kó rí katapílà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwa tí a nílé, tí a ń gba ayálégbé, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń fún ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ gba ìwé, ẹ béèrè ibi iṣẹ́, ẹ béèrè olùdúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ jẹ́ télọ̀, mẹkáníìkì, alágbàṣe bíríkì, iṣẹ́ kan ṣì wà tí ẹgbẹ́ wa lè ṣe kí oṣù yìí tó parí: kí a kọ orúkọ gbogbo ọmọ wa ọkùnrin tó wà láàrin ọdún méjìlá sí méjìdínlógún sílẹ̀, kí a sì mọ ibi tí kálukú wọn máa ń wà láàrin aago méjì tí ilé ìwé ń pa sí aago méje alẹ́. Ẹni tí kò bá ní ibi tó ń lọ, kí ọ̀gá iṣẹ́ kan gbà á. Owó ìkọ́ṣẹ́ á tọwọ́ ẹgbẹ́ jáde, a ti ná ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí aṣọ ẹbí.

Àti pé ọjọ́ 7 oṣù July, àsìkò ìdánwò ló máa ń bọ́ sí. Ẹ má fi ọmọ kankan sílẹ̀ láti dá rìn wálé lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ní mọ́tò ní apá Uselu àti Ugbowo, ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lábẹ́ ibí ká lè pín ojú ọ̀nà.